Òjé Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ìkókó

“Ta ló ń fún ọmọ mi ní májèlé nígbà tó ṣì wà nínú mi?”

Ìyá ìkókó ló béèrè bẹ́ẹ̀. Dókítà ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ èsì ìbéèrè náà sí. Ọkọ obìnrin náà, tíṣà kan tó ti rù títí tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi dà bí aṣọ tí wọ́n yá a wọ̀, gbójú sílẹ̀. Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé fa àga kan, ó jókòó ti ibùsùn, ó sì ń wo ọmọ.

Ọmọ náà kéré, obìnrin ni. Inú àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń mú àwọn ìkókó móoru ló dùbúlẹ̀ sí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ewé tí atẹ́gùn ò tíì lè gbé. Bí wọ́n bá fi ṣíbí kán wàrà sí i lẹ́nu, á fà á díẹ̀, á sì gbàgbé pé òun ń mu nǹkan. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, àyà aṣọ rẹ̀ tutù fún ọmú tó kún tí ẹnì kankan ò mu.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ló sọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ní Fẹ̀sọ̀. Kì í sáré, kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kì í fọwọ́ lu tábìlì. Olè kan tiẹ̀ sọ nígbà kan pé ó sàn kí wọ́n gbá òun létí ju kí obìnrin yìí fa àga ti òun, kó wá máa béèrè bí òun ṣe sùn.

“Òjé ni, mà,” ni dókítà wí nígbà tó yá. Obìnrin kékeré kan ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn. “Irin rírọ̀ yẹn, èyí tó wúwo. Inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ló wà, ó wá gba inú okùn ìwọ́ bọ́ sára ọmọ. Òun ló jẹ́ kó kéré báyìí, òun náà ló ń mú un gbọ̀n.”

Ó ṣàlàyé ìyókù bí ẹni tó ti há a sórí. Oògùn wà tí yóò máa fa òjé náà jáde díẹ̀díẹ̀, ara ọmọ titun sì máa ń fẹ́ wà láàyè. Ṣùgbọ́n òun ò lè jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé láìmọ ibi tí òjé ti wá, torí pé ohun tó ṣe é ń bẹ nílé tó ń dúró dè é. Ọmú ìyá náà ò tíì ṣeé fún un. Títí dìgbà tí wọ́n bá rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, ṣe ni kó máa fún un dànù.

Fẹ̀sọ̀ fi ọwọ́ kan gíláàsì náà. “Ẹ ṣeun, dókítà,” ó wí. “Ìyá ìkókó, ṣé o tiẹ̀ jẹun lónìí?”

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tíṣà ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń bú ara rẹ̀. Ìyá òun ló ń dáná fún ìyàwó òun láti ìgbà tí oyún náà ti wọlé. Òun ló ń pọn omi tó ń mu, òun ló ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀. Kò sí ohun tó wọ ẹnu ìyàwó òun tí kì í ṣe ọwọ́ ìyá òun ló ti kọjá.

“Ṣé wọ́n ń jà ni?” ni Fẹ̀sọ̀ béèrè.

Tíṣà ní rárá, wọn ò jà rí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó kúrò nílé ná, kó má sì wá sí ọsibítù mọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, níbi tí ìyàwó náà ti ń rán kọ́tìnnì, ni màmá ń sùn sí báyìí.

*

Kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe ìyá àgbà, ó ti dé àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Ó di ìkòkò kan sínú aṣọ, ó gbé e lé itan.

“Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ gbé ìkòkò wá?” ni Fẹ̀sọ̀ béèrè.

“Ṣé kì í ṣe òun lẹ máa béèrè ni? Mo ti bá yín fọ̀ ọ́ dáadáa.” Ojú rẹ̀ yí padà. “Àbí kò yẹ kí n fọ̀ ọ́?”

Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì rẹ́rìn-ín, Fẹ̀sọ̀ wò ó, ọlọ́pàá náà sì pa ẹ̀rín mọ́. Fẹ̀sọ̀ gba ìkòkò lọ́wọ́ ìyá àgbà bí ẹni ń gba ọmọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ nípa ẹsẹ̀ tó ń dun màmá, nípa bí òwúrọ̀ ṣe máa ń tutù nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀rọ̀ tó dórí ìyàwó. Ìyá àgbà ní ọmọ òun ò bá òun sọ̀rọ̀ tó bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń bá òun sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá kí ọmọ òun, á jẹ́ ẹ ní hùn bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ìyàwó yẹn ni yóò jókòó ti òun nírọ̀lẹ́, tí yóò ro gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà ṣe fún un lóòjọ́, tí yóò sì máa sín wọn jẹ títí tí òun ó fi rẹ́rìn-ín dé ibi tí omi ń bọ́ lójú òun.

“Kí lẹ máa ń sè fún un?”

“Ohun tí gbogbo wa ń jẹ ni. Inú abọ́ kan náà lèmi àti ẹ̀ ti ń jẹ ẹ́.” Ó tẹ̀ síwájú. “Ẹ̀yin ni ẹ mọ iṣẹ́ yín. Bó bá wá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ṣe é láìmọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún un. Ẹ jẹ́ kára rẹ̀ le ná. Ó fẹ́ràn mi, inú rẹ̀ á bà jẹ́ gan-an.”

Fẹ̀sọ̀ ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n fura sí, ṣùgbọ́n èyí ṣàjèjì sí i.

Èsì yàrá àyẹ̀wò dé kíákíá. Ìkòkò mọ́. Omi ilé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà mọ́, ti tíṣà náà mọ́. Ilé kan, omi kan, ìkòkò kan, ẹnì kan ṣoṣo ni òjé wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tíṣà gbọ́ èyí, kò sì tù ú nínú. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fún ènìyàn ní májèlé ò ní dà á sínú ìkòkò tí òun náà ti máa bù jẹ.

*

Lẹ́yìn ògiri ilé wọn ni ọkùnrin kan ń gbé tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníbátìrì. Àwọn ará àyíká ti dá ẹjọ́ rẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé, torí pé òjé ló wà nínú bátìrì, bátìrì ló sì kún àgbàlá rẹ̀.

“Ṣé ẹ wá mú mi ni?” ó béèrè nígbà tó rí Fẹ̀sọ̀. “Ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà. Mi ò ní wọ sílípáàsì lọ sẹ́wọ̀n.”

“Mo wá kí ọ ni.”

“Ọlọ́pàá ò wá kí èmi rí.”

Ó fi gbogbo àgbàlá náà hàn án. Iná ló kàn ń fi sí bátìrì, ó ní òun kì í tú ikùn rẹ̀. Èyí tó bá ti kú, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ń wá kó o, odindi. Ó gbójú wò ó, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó wá béèrè àlàáfíà ìkókó. Ó ní ìyá ọmọ náà ló rán kọ́tìnnì tó wà lẹ́nu ọ̀nà òun, kò sì jẹ́ kí òun san ju ti aṣọ lọ nígbà tí ìyàwó òun wà lórí àìsàn. Bó bá jẹ́ pé bátìrì òun ló ṣe ọmọ rẹ̀ báyìí, òun á fi ọwọ́ ara òun kó gbogbo rẹ̀ dànù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n bu erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri náà lọ yẹ̀ wò. Kò sí òjé tó ní láárí níbẹ̀. Fẹ̀sọ̀ ti mọ̀ kí èsì tó dé, torí pé bí ó bá jẹ́ atẹ́gùn ló ń gbé e fo ògiri, kò ní yan ẹnì kan láàárín ẹni mẹ́ta.

Ohun tí obìnrin yìí nìkan ń ṣe ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Nǹkan kan wà tí kò bá ẹnikẹ́ni pín.

*

“Ìyá ìkókó,” ó wí nígbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan ní wọ́ọ̀dù, “kí lò ń jẹ tí o ò jẹ́ kí ẹnì kankan rí?”

Obìnrin náà di etí aṣọ ìbora mú.

“Ṣọ́ọ̀kì, mà.”

Inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló ti ń rí i nígbà tó bá fẹ́ fọ aṣọ. Lákọ̀ọ́kọ́, òórùn rẹ̀ ló kàn ń gbọ́. Nígbà tó yá ó tọ́ ọ wò. Nígbà tó tún yá, bí ọkọ rẹ̀ bá ti ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, á sáré gba ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀, ọkọ á sì máa rò pé ìfẹ́ ni.

Fẹ̀sọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ti gbàgbé pé ẹnu iṣẹ́ lòun wà. “Èmi, ògiri ilé ìyá ọkọ mi ni mo jẹ nígbà tí mo lóyún. Bí mi ò bá tètè bí, wọn ì bá tún ilé náà kọ́.”

Ìyá ìkókó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú. “Ṣé èmi ni mo ṣe é nígbà náà? Ṣé èmi ni mo pa ọmọ mi lára?”

“A ò tíì mọ nǹkan kan. Sinmi.”

Ṣùgbọ́n bí Fẹ̀sọ̀ ṣe ń jáde ni ọkàn rẹ̀ ń fò. Gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Oyún ló bí i, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́, ó sì ń fi pa mọ́. Ó gba páálí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tíṣà, ó fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, ó sì lọ sùn bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀, dókítà pè é. Ṣọ́ọ̀kì náà mọ́ tónítóní.

Fẹ̀sọ̀ lọ jókòó sí ọ́fíìsì dókítà. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, bí ẹni pé òun ló kó òjé kúrò nínú ṣọ́ọ̀kì. Ó ní ohun tó ṣeé fi yọ̀ ṣì wà: ẹ̀jẹ̀ ìyá ìkókó ti ń mọ́ bọ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ọsibítù ni òjé inú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

“Láti ìgbà tó ti wọlé? Kì í ṣe láti ìgbà tí ọkọ ti lé ìyá àgbà?”

Dókítà wo ìwé rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọlé ni.

“Ìyá àgbà sì ń gbé oúnjẹ wá fún un nígbà náà.”

“Láràárọ̀, mà. Àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá jẹ níbẹ̀.”

Fẹ̀sọ̀ mí kanlẹ̀. Oúnjẹ ìyá àgbà ń wọlé, òjé sì ń lọ sílẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ìyá àgbà mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó lọ bá tíṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rò ó fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Tíṣà gbọ́ ọ dópin. Ó ní ó yé òun, ó sì fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bóun bá gbé ọmọ yìí délé láìmọ ohun tó jẹ́, ojoojúmọ́ lòun ó máa ṣọ́ ọwọ́ ìyá òun nídìí iná. Kí ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe? Fẹ̀sọ̀ kò lè bá a jiyàn. Ohun náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí.

*

Nígbà tó padà sí wọ́ọ̀dù, ìyá ìkókó ò sunkún mọ́. Ó ti rí kọ́tìnnì tó pín ibùsùn rẹ̀ sí ti ẹnìkejì, ó ti rí i pé etí rẹ̀ tú, ojú rẹ̀ ò sì gbà á. Ó ti tọrọ abẹ́rẹ́ àti pín-ìnnì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di aṣọ mú, tọ̀tún ń ṣẹ́ ẹ, ẹnu rẹ̀ sì kún fún pín-ìnnì. Nígbà tí Fẹ̀sọ̀ kí i, ẹ̀gbẹ́ ètè ló fi dá a lóhùn, bí ọkùnrin tí sìgá wà lẹ́nu rẹ̀.

Fẹ̀sọ̀ jókòó, ó ń wò ó. Ó rí i tí ahọ́n yọ pín-ìnnì kan síwájú bí ẹni tó ń ka owó lé ọwọ́, tí ọwọ́ gbà á, tí ahọ́n tún yọ òmíràn.

“Ṣé kì í gún ọ?”

Ó tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó sọ̀rọ̀. “Ẹnu mi ni ọwọ́ mi kẹta, mà. Èyí di aṣọ, èyí wà lára ẹ̀rọ, ta ni ó wá bá mi di ìyókù mú?”

“Kí làwọn nǹkan tí ọwọ́ kẹta yẹn máa ń dì mú?”

“Pín-ìnnì, òwú, bọ́tìnnì. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti kéré.” Lójijì ló wo ojú Fẹ̀sọ̀, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú ojú tirẹ̀. “Kí ló dé? Ṣé pín-ìnnì ni?”

“Rárá o. Irin lásán ni pín-ìnnì. Máa rán aṣọ rẹ.”

Ó lè béèrè sí i, kò béèrè. Obìnrin yìí ti jẹ ẹ̀bi ṣọ́ọ̀kì tí kò ṣe nǹkan kan, Fẹ̀sọ̀ ò fẹ́ gbé ẹ̀bi míì fún un láìtíì rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọsibítù, ó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Gbogbo wọn, dókítà, ọkọ, òun fúnra rẹ̀, ohun tó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ń béèrè ohun tó jẹ, ohun tó mu. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wọ ẹnu tó sì tún jáde.

*

Òjò ti ṣú nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ìyá àgbà ti gbá ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ti to òwú sórí pẹpẹ láti orí dúdú dórí funfun, kí ìyàwó rẹ̀ lè bá a bẹ́ẹ̀. Àwọn tí dókítà rán ti wá síbẹ̀ ṣáájú. Wọ́n bu òróró ẹ̀rọ lọ, wọ́n gé aṣọ aláró lọ, wọn ò rí nǹkan kan.

Fẹ̀sọ̀ sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ìkókó ti ń mọ́, àti pé oúnjẹ kọ́. Ìyá àgbà tún un béèrè, pé ṣé oúnjẹ kọ́ lóòótọ́. Ó wá yíjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ kan tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ni atẹ́gùn òjò bá já wọlé.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbéra sọ. Téèpù ìwọnṣọ fò, àjákù aṣọ ń sá yí ilẹ̀ ká, aṣọ ìkókó tí ìyá àgbà sá sórí okùn ń yí bí ẹni tó ń jó. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́tìnnì tí wọ́n ti rán parí, tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri de oníbàárà, dúró ṣinṣin bí ọmọ ogun tí ọ̀gá ń yẹ̀ wò. Etí wọn ò tiẹ̀ mì.

Fẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí kan láti igun dé igun. Nǹkan róbótó-róbótó tò sínú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan.

“Ìyá, kí lèyí?”

“Ẹsẹ̀ kọ́tìnnì ni à ń pè é.” Ìyá àgbà ti ń lé àjákù aṣọ kiri. “Oníbàárà kan tó ní gbọ̀ngàn sí etí omi ló kígbe pé kọ́tìnnì òun ń fò lu àwọn ènìyàn lójú. Ìyàwó mi lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja, ó rí ohun tí wọ́n ń fi sí okùn ìwọ̀ kó lè rì. Orí ẹ̀ pé, àbí kò pé? Láti ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ kọ́tìnnì tó ní ẹsẹ̀.”

“Ìgbà wo nìyẹn?”

“Oyún náà ò tíì máa yọ.”

“Ṣé ó ṣẹ́ kù?”

Ìyá àgbà nawọ́ sórí tábìlì, ní àárín gbùngbùn ibẹ̀. Ìdérí agolo kan ló wà níbẹ̀, ó kún fún ọmọ irin aláwọ̀ eérú, òun ni ìyá àgbà fi tẹ ìwé àwòṣe aṣọ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Orí tábìlì yẹn làwọn ará ọsibítù gbé àpò wọn lé nígbà tí wọ́n wá wá òjé.

Fẹ̀sọ̀ mú ọ̀kan. Ó kéré, ó sì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti la ẹnu rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ ni okùn ń gbà. Ó fi fa ìlà lórí ìwé àwòṣe, ìlà eérú kan sì tẹ̀lé e bí ti pẹ́ńsù. Òjé ni.

“Báwo ló ṣe máa ń pa ẹnu rẹ̀ dé mọ́ okùn?”

“Ṣebí báyìí ni.” Ìyá àgbà mú ọ̀kan, ó fi okùn sí i, ó sì gbé e lọ sí ẹnu.

Fẹ̀sọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó gba ọmọ irin náà lọ́wọ́ màmá, ó dá a padà sínú ìdérí. Lẹ́yìn náà ó tú etí kọ́tìnnì kan díẹ̀, ó fa okùn inú rẹ̀ síta, ó sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà kí àwọn méjèèjì lè rí i. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ojú eyín wà, kékeré, méjì-méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ okùn dé òpin rẹ̀.

Ìyá àgbà wò ó pẹ́. Ó jókòó sórí àga ìránṣọ.

“Ọmọ ń bọ̀ wá sílé nígbà náà?”

“Ó ń bọ̀ wá sílé, ìyá.”

“Ta ni yóò wá sọ fún ìyá rẹ̀?”

“Iṣẹ́ mi ni.”

Ìyá àgbà mi orí. “Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá, á dà bí ẹjọ́. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, á mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bínú sí i.”

Ó ti ń wá ìborùn rẹ̀. Fẹ̀sọ̀ bu omi sínú abọ́, ó wá ọṣẹ, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ ọwọ́ wọn dáadáa, torí ọmọ ni wọ́n fẹ́ lọ gbé.